Àwòrán Tó Dí Àpótí Ímeèlì Wa

Ó ku ọdún díẹ̀ kí ọdún 2000 wọlé nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ògìjo. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń gba ímeèlì ní ọ́fíìsì wa, orí tábìlì mi ló sì wà. Láìnì tẹlifóònù la fi ń gbé ímeèlì wa wálé láti Èkó, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀. Àyè tí wọ́n fún wa kéré. Bó bá ti kún, ohun tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ sí wa yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Kánádà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti wá ọmọ títí, ìyá wa tó ń ta obì ní Mákùn sì ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi rù. Ọ̀gá mi obìnrin mọ̀ nípa rẹ̀. Òun ló ní, "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó máa gba ibí kọ̀wé sí ọ." Ọjọ́ tí a gbọ́ pé ìyàwó ti bí obìnrin, ṣe lèmi àti ọ̀gá dì mọ́ra.

Kò pẹ́ sígbà náà ni oníbàárà kan láti Ìbàdàn fi ìbínú tẹ̀ wá láago.

"Kí ló dé tí gbogbo ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ sí yín ń padà?"

Mo wò ó. Àwòrán ọmọ tuntun ni ẹ̀gbọ́n mi kó ránṣẹ́, ó sì tóbi jù. Kó tó wọlé dé ìdajì, láìnì á já. Àwọn ímeèlì yòókù wá tò sẹ́yìn rẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń tò sẹ́yìn tírélà tó takú, títí àyè wa fi kún.

Ọ̀gá pe àwọn ará Èkó. Ọkùnrin tó gbé tẹlifóònù ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mà."

Ọ̀gá wojú mi.

"Rárá o," ló dá a lóhùn. "Ọmọ wa wà nínú rẹ̀."

Ó fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A rí i pé kọ̀ǹpútà wa ń fi ẹ̀dà gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ l'Ékòó; a ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. A tún ní kó fo èyí tó bá tóbi. Ni àwọn kékeré bá ń wọlé, ti oníbàárà Ìbàdàn náà sì wà níbẹ̀. Àyè ṣí.

"Láàárọ̀ kùtù, láìnì kì í dí," ni ọ̀gá wí. "Tètè dé lọ́la."

Ó ti dé ṣáájú mi. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan tẹlifóònù. Láìnì kò já. Irun ọmọ náà la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ojú. A tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kó má baà gba àyè l'Ékòó mọ́.

"Lọ mú ìyá rẹ wá," ni ọ̀gá wí.

Nígbà tí ìyá mi rí ọmọ náà, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Iwájú orí bàbá yín rèé," ló wí. "Alihamudulilai." Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá, ọ̀gá yára dì í mú.

"Ẹ má dán an wò, Màámi. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ fún yín."

Obìnrin yìí kì í ṣe ẹbí mi, kò sì jẹ mí ní nǹkan kan. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Orí àga tirẹ̀ ló ní kí ìyá mi jókòó sí, níwájú àwòrán yẹn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí ìdúró.