Ìwé Lárúbáwá Ẹnu Ọ̀nà Àlàájà

"Má tíì mí o," ni Àlàájà wí. Mo di imú mú. Wọ́n rọra ń tẹ́ bébà sórí omi inú abọ́ pẹlẹbẹ, omi tí wọ́n ti pò kó ki díẹ̀ bí ògì, tí àwọ̀ búlúù àti pupa ń léfòó lójú rẹ̀. Òróòro màlúù ló ń jẹ́ kí àwọ̀ náà tàn ká. Òórùn rẹ̀ gba kíṣìnnì kan. Nígbà tí wọ́n gbé bébà náà sókè, gbogbo àwọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó rí bí ara òkúta mábù.

Fúláàtì tó tẹ̀ lé tiwa ni Àlàájà ń gbé, ní Thamesmead, ní London. Ọ̀dọ̀ wọn ni màmá mi ń fi mí sí tó bá ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Mùsùlùmí ni Àlàájà. Wọ́n á fi gègé kálámù àti tàdáwà kọ ìlà Lárúbáwá kan, wọ́n á wá lẹ bébà aláràbarà yí i ká, bíi ti ojú-ìwé ayé àtijọ́ kan láti Turkey tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri wọn. Omi tí wọ́n fi fọ kálámù kì í wọ síńkì. Ìdí tòmátò ni wọ́n ń dà á sí.

"Ṣé kí n da orúkọ Ọlọ́run lọ sí Crossness ni, kó lọ bá ìgbẹ́ gbogbo London níbẹ̀?" ni wọ́n máa ń wí.

Nígbà kan, àwọn tó ń bójú tó àdúgbò wa fẹ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ kọ́ sí gbọ̀ngàn ìpàdé àdúgbò. Àlàájà mú èyí tó dára jù nínú tiwọn lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Uncle tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà gbé e padà wá.

"Àlàájà, border ẹ̀ fine gan-an. Ẹ jẹ́ ká kàn cut Arabic àárín yẹn. Àwọn church tó ń rent hall máa complain."

"Wọ́n ti complain?"

"Rárá o. Wọ́n máa complain ni."

"Ọmọ mi, tó o bá fẹ́ gbé fọ́tò ẹ kọ́, ṣé o máa ń kọ́kọ́ lé ara ẹ jáde nínú férémù?"

Uncle rẹ́rìn-ín. Àlàájà ò rẹ́rìn-ín. "Gbé e sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi scissors kàn án."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n fi nylon bo ìwé náà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìta ilẹ̀kùn wọn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbangba tí gbogbo wa ń gbà kọjá. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn odò Thames fi gbé òjò wọ inú nylon, tàdáwà sì ń ṣàn wálẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Àlàájà jókòó, wọ́n kọ òmíràn.

"Ó máa sú òjò kó tó sú mi."

Lọ́jọ́ Sunday kan, màmá mi wọ sùtánà, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà nínú warehouse. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àlàájà, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí nylon tó ti ń ṣí padà. "Atẹ́gùn á gbé e lọ," ló sọ, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Mi ò lè sọ pé ó fara mọ́ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè kà á nínú àwa méjèèjì.

Títí di òní, mi ò gbọ́ Lárúbáwá, mi ò sì ní purọ́ pé ìwé kan yí àdúgbò wa padà. Ohun tó dá mi lójú kò pọ̀: ó wà níbẹ̀, odindi, títí a fi kó kúrò. Níbi iṣẹ́ mi, wọ́n ní kí n gé orúkọ tí wọ́n máa tẹ̀ sára káàdì àyà mi kúrú, kó má baà nira fún àwọn oníbàárà. Mi ò bá wọn jà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ tán, mo fi àmì ohùn sí i lórí, mo sì fi ránṣẹ́ sí wọn.