Káfíńtà Tí A Lọ Wò Ní Àgbádárìgì

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nígbà tó kú. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Káfíńtà ni, iṣẹ́ òrùlé ló sì yàn láàyò. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé ìjọba ní Ìbà, ó wà lára àwọn tó ń gun òkè lójoojúmọ́ láti to pákó àti páànù. Okokomaiko là ń gbé, yàrá méjì tí a háyà nínú ilé kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀.

Ó ga, ó tín-ín-rín, ẹ̀rín sì máa ń pa á kó tó parí ìtàn tó ń sọ fún wa. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìyẹ̀fun pákó á kún irun rẹ̀. Màmá ò jẹ́ kó wọlé bẹ́ẹ̀. Á ní kó bẹ̀rẹ̀, á wá fi etí ìró rẹ̀ gbọn orí rẹ̀ bí ẹni pé ọmọdé ni. Tí a bá jọ wọ bọ́ọ̀sì, òrùlé ni yóò máa wò lójú ọ̀nà. Bó bá rí èyí tó wọ́, inú á bí i, á ní irú káfíńtà wo nìyẹn. Aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, kì í jẹ́ kí n bá a lọ̀ ọ́.

Ìṣó ló pa á. Ó tẹ pákó kan tí ìṣó dúró nínú rẹ̀, ó sì gún un lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó fi àkísà dì í, ó padà sórí òrùlé. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún wa nídìí oúnjẹ alẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sí i, ó ní ọrùn ń dun òun. Lẹ́yìn náà ni àgbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Màmá po ògì fún un, ògì náà ò kọjá eyín. Nígbà tí Bàbá àti onílé wa fi máa gbé e dé ọsibítù, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ kọrọdọ. Dókítà sọ fún Bàbá pé ìdọ̀tí ojú ìṣó náà ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ti pẹ́ jù. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló kú.

Níbi tí àwọn òbí mi ti wá, ìyá àti bàbá kì í rí ibojì ọmọ. Àwọn obìnrin ìjọ mú Màmá mọ́ inú yàrá. Bàbá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, kò gbórí sókè. Àbúrò Bàbá àti àwọn káfíńtà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló kan pósí, àwọn náà ló sì gbé e lọ sin sínú ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú Ìbà àtijọ́. Wọn ò jẹ́ kí èmi náà lọ, wọn ò sì sọ ojú ibi tó jẹ́ gan-an fún wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kún ibẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbé inú wọn. Bí mo bá ń kọjá láàárín wọn, ṣe ni mò ń rọra gbé ẹsẹ̀, nítorí n ò mọ ibi tí mò ń tẹ̀.

Màmá ò sunkún bí àwọn èèyàn ṣe rò pé yóò sunkún. Ohun tó ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Wọ́n ní ó kú. Èmi ò rí òkú." Oúnjẹ ò wọ ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó rù débi pé ìró ń bọ́ ní ìdí rẹ̀. Èmi náà ò sì gbádùn. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń gbọn ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe kó tó wọlé. Bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà mí, màá lọ wò. Kò ní sí ẹnì kankan, ṣùgbọ́n òórùn pákó tútù á wà níbẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni obìnrin ẹlẹ́ja tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa dé láti Àgbádárìgì, níbi tó ti máa ń ra ẹja gbígbẹ. Ó jókòó ti Màmá, ó sì rọra sọ fún un pé òun rí ẹ̀gbọ́n mi lórí òrùlé kan lẹ́yìn ọjà. Ó ní òun pè é, kò dáhùn, ó kàn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa àwọn tó kú nígbà tí ọjọ́ wọn ò tíì pé: pé wọ́n máa ń lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n, wọ́n á máa ṣiṣẹ́, wọ́n á fẹ́yàwó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti kú bá yọ sí wọn, wọ́n á pòórá.

Bàbá gbọ́, inú bí i gidigidi. Ó ní obìnrin náà ò gbọdọ̀ tẹ yàrá wa mọ́. Wòlíì ìjọ wa wá gbàdúrà, ó ní kí Màmá má gba irọ́ èṣù gbọ́. Màmá ṣe àmín. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí Bàbá ti lọ síbi iṣẹ́, ó ra búrẹ́dì àti ẹ̀pà, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn, ó ní kí n wọ bàtà. Mi ò béèrè ibi tí à ń lọ.

Lẹ́yìn ọjà Àgbádárìgì, ìdí àtẹ obìnrin Ẹ̀gùn kan tó ń ta gàrí la jókòó sí. Ní òdìkejì ọ̀nà ni ilé tí ẹlẹ́ja sọ wà, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sì wà lórí igi òrùlé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó júwe èyí tí à ń wá fún mi. Ó kẹ̀yìn sí wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sẹ́nu, ó ń yọ àwọn ìṣó tó fi ètè há lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan láìwò wọ́n. Ọrùn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Màmá di ọwọ́ mi mú. Mo bi í bóyá kí n pè é.

"Má pè é," ó ní. "Bó bá rí wa, á lọ. Níbo la ó tún ti wá a?"

A jókòó títí oòrùn fi yẹ̀. Màmá béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni, bóyá ọmọ ìlú ni káfíńtà yẹn. Obìnrin náà ní rárá, àlejò ni, ọdún tó kọjá ló dé, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún kúnlẹ̀ dúpẹ́, débi pé ó ya obìnrin náà lẹ́nu. Ó gbé búrẹ́dì àti ẹ̀pà náà fún un, ó ní kó bá wa fún káfíńtà náà tó bá sọ̀ kalẹ̀, kó má sọ ẹni tó mú un wá. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní ká máa lọ.

A ò tíì dé igun ọ̀nà tí mo fi gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ̀ lórí àkàbà. Màmá ò wẹ̀yìn. Èmi wẹ̀yìn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà, Màmá yíjú sí mi.

"O bojú wẹ̀yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O rí ojú ẹ̀?"

"Mo rí i, mà."

Ó ń wo àwọn igi àgbọn tó ń kọjá lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, "Má sọ fún mi."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ oúnjẹ, ó sì sùn. Òun àti obìnrin ẹlẹ́ja tún di ọ̀rẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá kan àdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò, ohùn rẹ̀ máa ń ga ju ti gbogbo èèyàn lọ. Bàbá mọ ẹni tó ń gbàdúrà fún, kò bá a jiyàn. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ó gbé ọmọ náà sáyà, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á ti máa rìn. Kò lọ sí Àgbádárìgì mọ́ títí tó fi kú ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sì bi mí léèrè ohun tí mo rí.

Ojú tí mo rí kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin náà dàgbà jù ú lọ, ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, imú rẹ̀ sì yàtọ̀. Mo lè búra. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ife omi dé ẹnu nígbà tí ojú wa ṣe mẹ́rin, kò sì mu ún mọ́. Ó ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó mọ̀, tí kò fẹ́ kó pe òun, títí tí ìyá mi fi fà mí kọjá igun ọ̀nà.