Ojú Ìyá Mi Lábẹ́ Omi Obì

Òórùn obì tí a rẹ sómi kò jọ òórùn nǹkan mìíràn. Ó korò díẹ̀, ó sì dà bí ewé tó sùn sínú òjò. Òun ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, nítorí gbànja ni ìyá mi ń tà, àárín àgbàlá sì ni táǹkì símẹ́ńtì wà. Bí wọ́n bá ti fọ́ apó obì tán, inú táǹkì yẹn ni wọ́n ń da obì sí kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, kí àwọn obìnrin tó jókòó yí i ká láti bó o. Títí dòní mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn náà níbi tí kò sí obì rárá.

Nígbà ìjọba alágbádá ẹlẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ìyá mi kò ya fọ́tò rí. Wọ́n ní àwọn ò rí ìdí tí ojú àwọn yóò fi máa gbé inú àpótí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí n fi ọ̀dà yà wọ́n, wọ́n ní, "Ibi iṣẹ́ mi ni kí o yà mí sí." Obì ti tán lórí igi nígbà náà, táǹkì sì gbẹ. Mo kúnlẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, mo ń ya ojú wọn sórí ilẹ̀ táǹkì náà, ìyá mi jókòó sórí àpótí létí òkè, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ìdí kànga. Ẹni tó ta ọ̀dà fún mi ti búra pé omi ò lè ṣí i.

Nígbà tí obì dé, tí omi kún, ojú náà jí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ki ọwọ́ bọ omi, ẹnu ìyá mi á fẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ dáhùn. Àwọn tó ń bó obì sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Olóbì, ẹ gbé orí kúrò o, a fẹ́ da obì!"

"Ẹ dà á jàre. Orí yìí ti ru ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọdún tí mo fẹ́ parí ẹ̀kọ́ mi ni wọ́n kú. Mo mọ ohun tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù wa wí, mo mọ̀ pé a kì í fi òkú pamọ́. Ohun tí mi ò gbà ni pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n sin ìyá mi tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí awakọ̀ kan wá sọ fún mi. Mo sọ ọ́ lójú àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí ilé, pé wọn ò jẹ́ kí n rí ojú ìyá mi. Wọ́n ní, "Òkú kì í dúró de mọ́tò, ọmọ mi."

Mo wá lọ sídìí táǹkì, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ojú náà kù sí láyé. Símẹ́ńtì tuntun ni mo bá lórí rẹ̀. Mi ò sunkún. Ara mi kàn kú, bí ọwọ́ tí èèyàn sùn lé. Mo sì ń wo iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n kọ́ láti wo iṣẹ́: etí rẹ̀ dán bí àwo, àárín rẹ̀ rí gbágungbàgun, ipa ìka ló kún ibẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. "Ẹ sìnkú wọn láìsọ fún mi, ẹ pa àwòrán wọn rẹ́, ẹ sì tún fi iṣẹ́ jákujàku bò wọ́n! Bíríkìlà wo lẹ pè?"

Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ. Àgbà inú àwọn tó ń bó obì, tó ti bá ìyá mi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi, ló sọ̀rọ̀.

"Gbẹ́nu dúró. Bàbá kékeré rẹ ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Ọ̀dà rẹ ló ń ṣí mọ́ obì lára, tí àwọn oníbàárà wa ní Sábó ń dá a padà. Ìyá rẹ ló pe bíríkìlà. Nígbà tí iṣẹ́ ku àárín, ìyá rẹ ní kí bíríkìlà jáde, ó ní ojú òun ni, òun ni òun ó bò ó. Ó ti ń ṣàìsàn nígbà yẹn o. A ní kó má wọnú ibẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Imú mi ti bó lọ ṣáájú, ẹ jẹ́ n máa bọ̀ lẹ́yìn.'"

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ó ní ẹjọ́ rẹ á pọ̀ jù."

Mo bọ́ bàtà, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú táǹkì. Ipa ìka náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ya iwájú orí sí, ó wá sílẹ̀ dé àgbọ̀n, bí a ṣe ń pa ojú òkú dé. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ lé e. Símẹ́ńtì tutù, ìka mi ò sì sọ nǹkan kan fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò tíì dárí ji àbúrò bàbá mi lórí ọ̀rọ̀ awakọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ti àwòrán yẹn, mi ò rí ẹni tí mo lè pè lẹ́jọ́. Omi ni mo ń bá jà látìbẹ̀rẹ̀, mò ń wá ọ̀dà tí yóò gba ojú náà lọ́wọ́ rẹ̀, láìmọ̀ pé ẹni tó ni ojú kò bẹ̀ mí pé kí n pa á mọ́. Wọ́n kàn fi ojú náà yá mi ni. Nígbà tí obì dé lọ́dún yẹn, mo wà níbẹ̀ tí wọ́n ń da omi. Kò sí ojú tó mì nísàlẹ̀ mọ́. Omi pọ́n bó ṣe máa ń pọ́n, àwọn obìnrin jókòó, èmi náà gbé àpótí ìyá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó obì.