Àṣá Alàgbà Fọláyan

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Alàgbà Fọláyan ní Festac, ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Láídé, ọmọ rẹ̀, ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọjọ́ náà ni ìdílé ọkọ wá mọ ilé ìyàwó, ọjọ́ náà ni wọ́n sì fẹ́ẹ̀ kọ ìyàwó ọ̀hún.

Ẹ gbọ́, etí bàbá yìí ti di. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àfòpiná ńlá kan ló gbà á lọ́kàn, èyí tó máa ń dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, tí á na ahọ́n gígùn sínú òdòdó. Òyìnbó fi wé àṣá nítorí bó ṣe yára. Alàgbà kúkú gé e kúrú, ó ń pè é ní àṣá.

Àwọn àna jókòó sí pálọ̀, wọ́n gbàdúrà. Bàbá Jayéọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, wá tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣà wo lẹ ní nínú ìdílé yín? A ò fẹ́ ṣì í ṣe."

Ojú Alàgbà tàn yanran. Ta ló bi í léèrè àṣá rẹ̀ rí?

"Háà! Ó pọ̀ o! Ti ilé yìí, ara òdòdó pupa tó wà níta yẹn ló ń gbé. Ti Ijegun-Ẹ̀gbá, inú oko kókò ni. Ti ẹ̀yìn Trade Fair, ewé ọ̀dùnkún ni tiẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń fi ewé ọ̀dùnkún ṣe, sà?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́ ni! Ní tútù! Ìhòòhò ni wọ́n wà ní kékeré. Ìwo kan á wá hù nídìí wọn."

"Nídìí ta ni?"

"Gbogbo wọn! Tọkùnrin tobìnrin! Bí wọ́n bá yó tán, wọ́n á wọnú ilẹ̀ lọ."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Màmá Gbóyèga, ìyá ọkọ, ti gbé báàgì. "Gbóyèga, dìde!" Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Wọn ò dúró jẹ ìrẹsì.

Àyìnkẹ́, ìyàwó Alàgbà, fi fóònù ṣàlàyé títí pé kòkòrò lásán ni. Màmá Gbóyèga ní, "Bí kì í bá ṣe awo, a jẹ́ pé wèrè ni. Èwo ló dáa níbẹ̀?"

Láídé sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Dádì, ẹ ti dójú tì mí! Ẹ ti bà mí láyé jẹ́!"

Kì í kúkú ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ti ká bàbá yìí mọ́ ọgbà olódòdó rí ní Alákijà, tó ti orí bọ inú ewé. Wọ́n pariwo olè. Ó ní, "Ẹ rọra, ó ń jẹun!" Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká gbàdúrà, ó ṣí fìlà, kòkòrò abìwo nídìí kan sì dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Láídé wà nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ náà, ní iwájú gbogbo ìjọ. Bó ti rí i ló fi ìwé orin bo ojú. Láti ìgbà náà, bó bá rí baba rẹ̀ lójú títì, òdìkejì ló ń gbà.

Àfi bí Màmá Gbóyèga ṣe ṣàdédé yí ọkàn padà. Wọ́n ṣègbéyàwó. Láídé rò pé ẹ̀bẹ̀ Gbóyèga ló ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí Alàgbà bá lọ kí i nílé ọkọ, á ti kì í nílọ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Dádì, àlejò wà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ kòkòrò."

"Kò burú, ọmọ mi."

Alàgbà kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, wọ́n ń sọ̀tàn ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ilé ń hó fún ẹ̀rín, Láídé dorí kodò. Màmá Gbóyèga ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ̀ pé Alàgbà wá sílé mi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, bàbá tó lè bí mi! Mo ní, 'Dádì, ẹ dìde, bàbá ìyàwó kì í dọ̀bálẹ̀.' Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ò ṣẹ̀ yín. Bí ojú mi bá ń tì yín, mi ò ní wá síbi ìgbéyàwó náà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra wọn.'"

Láídé gbójú sókè.

"Mọ́mì, ẹ ò sọ fún mi."

"Wọ́n ní n má sọ. Wọ́n ní ojú á tì ẹ́. Mo wá ń sìn wọ́n jáde, ni wọ́n dúró gbọn-in. Ọ̀kan nínú kòkòrò wọn ló wà lára òdòdó ẹnu géètì mi, ó sanra báyìí! Mo rí i pé wọ́n rí i. Wọ́n la ẹnu. Wọ́n pa ẹnu mọ́, wọ́n gbójú kúrò, wọ́n lọ."

"Dádì mi? Wọ́n rí i, wọn ò sọ nǹkan kan?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

Láídé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Dádì mi, ẹ forí jì mí. Ojú yín ò yẹ kó tì mí rárá." Ó sunkún títí, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó di ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú.

"Mọ́mì, bá a bá dé ilé yín, ẹ fi òdòdó tí kòkòrò náà wà lára rẹ̀ hàn mí."