Ọjọ́ Tí Mo Gba Oníbàárà Alhájà

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi ni ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí mo ń ta léèsì ní Ọjà Balógun.

Ìsọ̀ mi àti ti Alhájà, ọmọ Ìjẹ̀bú tóun náà ń ta léèsì, fara kanra. Bó bá lọ kírun Jímọ̀, èmi ni mo máa ń bá a tajà. Bí mo bá lọ ìpàdé àdúrà, òun ni í bá mi tà. Mo lẹ ẹsẹ Bíbélì mọ́ ògiri, n kì í sì í tajà láìgbàdúrà.

Lọ́jọ́ náà, n kò tíì tà rárá. Alhájà da aṣọ bo ọjà rẹ̀, ó lọ kírun. Obìnrin kan dé láti Ìbàdàn.

“Ẹ kú ọjà o. Alhájà ńkọ́?”

Mo ní, “Léèsì wọn ti tán. Ẹ wo tèmi, ọmọ Jésù kì í rẹ́ni jẹ.”

Ó ra odindi bọ́ńdù léèsì kan. Mo ń dì í lọ́wọ́ ni Alhájà yọ. Obìnrin náà ní,

“Háà, Alhájà, wọ́n ní léèsì yín ti tán!”

Alhájà wo ọjà tó da aṣọ bò, ó wò mí. “Kò burú, ọ̀kan náà ni wá. Ẹ máa gbé e lọ.”

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Alhájà kàn ní, “Ìyá Dúpẹ́, ṣé ẹ ti jẹun?”

N kò lè bẹ̀ ẹ́. Láti Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, títì ló ń ti ìsọ̀ rẹ̀ kó tó lọ kírun. Ó ti kú báyìí. Bí mo bá ń gbàdúrà, ẹ̀bẹ̀ tí n kò bẹ̀ ẹ́ yẹn ni mo ṣì ń rántí.