Àkọ́so Ọpẹ́fólúwa Tí Kò Pé

Ọpẹ́fólúwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Mósè, kò mọ àwọ̀n í jù. Ẹja gan-an ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá kú ní Ayétòrò, òun ni à ń gbé e lọ bá.

Òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ níbí, àwọn ará ìlú sì ti fọ́n ká. Ọmọ náà ní bí ilé bá lọ, kò yẹ kí orin ṣọ́ọ̀ṣì wa náà lọ. Ó gba ohùn àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ló ń dá orin, ó sì fi wọ́n ṣe áàpù tí èèyàn lè rà sórí fóònù níbikíbi.

"Àǹtí, èyí ni n óo máa fi jẹun nílé. N kò ní sá lọ sí Èkó bí àwọn ọmọ yín."

"Ọlọ́run á dárí ẹnu yẹn jì ọ́," ni mo wí.

Ó dìde nínú ìsìn, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé owó oṣù àkọ́kọ́ yóò jẹ́ àkọ́so, gbogbo rẹ̀, láìyọ kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Èmi náà sunkún, n kò tilẹ̀ tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní áàpù.

Àwọn èèyàn wa rà á, títí dé Ítálì. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ orí fóònù tó ń bá a tà á ń yọ náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún kí owó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò kàn wá sí i lọ́kàn lọ́jọ́ tó ń jẹ́jẹ̀ẹ́.

Nígbà tí oṣù pé, ó gbé owó náà fún bàbá rẹ̀, tó máa ń gbàdúrà sí àkọ́so ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ̀ wò ó. "Ṣé ó pé?"

"Bàbá, ìsọ̀ ti yọ tiwọn."

"Wọ́n ti jẹ nínú rẹ̀ kó tó dé iwájú Ọlọ́run?"

"Ẹ jẹ́ kí n fi owó àpò mi dí i."

"Owó àpò rẹ nìyẹn. Kì í ṣe àkọ́so."

Mo dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ẹ ń fi ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn lọ sókun, ṣebí ẹlẹ́ńjìnnì ló ń kọ́kọ́ mú ìpín tirẹ̀ létí omi?"

"Mo mọ ilé rẹ̀. Mo ń kí ìyàwó rẹ̀. Níbo ni onísọ̀ yìí ń gbé?"

"Kò síbì kan pàtó, Bàbá."

"Ẹ gbọ́! Ẹni tí kò nílé ló wá ń bá Ọlọ́run pín ẹja."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbàdúrà sí owó náà. Ọmọ náà bá dá ọgbọ́n tó jẹ́ pé ọmọ ìlú wa nìkan ló lè dá a: ó kọ ọ́ sínú áàpù náà pé kí ẹni tó bá fẹ́ orin má sanwó fún ìsọ̀ mọ́, kó san án tààrà sí àkáǹtì òun, kí àkọ́so lè pé. Òfin ìsọ̀ kò gba ìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ áàpù náà kúrò lórí àtẹ. Ó kọ̀wé bẹ̀ wọ́n, ó ṣàlàyé ẹ̀jẹ́ fún wọn. Ìdáhùn tó padà wá dà bí ohun tí ẹ̀rọ kọ. Bóyá ẹ̀rọ ni lóòótọ́.

Ó ríṣẹ́ sí Èkó, níbi tí yóò ti máa ṣe áàpù fún ẹlòmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, bàbá rẹ̀ kò jáde. Èmi ni mo sìn ín dé ibi tó ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Igbókòdá, kó lè gba ibẹ̀ lọ sí Èkó.

Ọkọ̀ ti ṣí lọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, ó gbé ẹja yíyan sínú ọ̀rá, ó ń mí hẹlẹ.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

Inú bí mi. "Ohun tó dé ọwọ́ ọmọ yìí ló gbé wá. Ṣebí òun náà ni Ọlọ́run rí."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ìyẹn ni mo ń bọ̀ wá sọ fún un."