Ijó Tí Mi Ò Bá Dónyà Joanna Jó

Bí ẹ bá dé Aládé ní Ìdànrè lónìí, tí ẹ béèrè Olúlékè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ ní Sẹnyọ́ lẹ ń wá, wọ́n á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Sẹnyọ́ ni àwọn ará Kòlóńbíà fi ń pe ọkùnrin tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tí mo ti ọ̀hún dé, nígbà tí mò ń ṣe yàngà káàkiri ìlú. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, inú á bí mi, màá sì máa díbọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí wọ́n ń pè ní Sẹnyọ́.

Àwọn òbí mi kì í ṣe ọmọ Ìdànrè. Iṣẹ́ oko kòkó ló gbé wọn wá láti Ìkìrun, wọ́n ń bá olóko ṣe é, wọ́n sì jọ ń pín in. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní girama. Màmá mi ló tọ́ mi, nínú ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo dàgbà, iṣẹ́ amọ̀nà ni mo mú: mò ń kó àwọn àlejò gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, mò ń fi ìlú àtijọ́ hàn wọ́n, mò ń kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi le. Ijó sì wà lára mi, ìyẹn ni mi ò lè sẹ́.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn mẹ́rin kan wá láti Kálì ní ilẹ̀ Kòlóńbíà. Níbi tí a ti jókòó sinmi láàárín àtẹ̀gùn, ọ̀kan nínú wọn tan orin nínú fóònù rẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó wọn tí wọ́n ń pè ní sálúsà, takọtabo, ọwọ́ nínú ọwọ́. Mo wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Nígbà kejì mo dìde, mo sì jó o. Ariwo sọ! Kò pé oṣù márùn-ún sígbà náà tí wọ́n kọ̀wé sí mi pé ilé ẹ̀kọ́ ijó kan ní ìlú wọn fẹ́ gbà mí fún oṣù mẹ́rin, èdè Sípáníìṣì láàárọ̀, ijó lọ́sàn-án, àti pé ìyá àgbà kan á gbà mí sílé. Màmá mi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí físà náà. Físà jáde.

"Ìyá yẹn," Màmá mi sọ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ, "èmi ni o. Bó o ṣe ń ṣe sí mi níbí ni kó o ṣe sí i níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, mà.

Dónyà Joanna lorúkọ ìyá náà. Dónyà ni wọ́n ń fi síwájú orúkọ àgbà obìnrin níbẹ̀, bí àwa náà ṣe ń sọ pé Màmá. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, pẹ́lẹ́ńgẹ́, onírun funfun, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì ṣáájú. Òun àti ọkọ yẹn ti jọ jó fún ogójì ọdún, àwòrán wọn kún ara ògiri. Láti ìgbà tó sì ti sin ín, kò jó mọ́. Bernadette ọmọ rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, torí òun kì í sọ ọ́. Ohun tí òun máa ń ṣe ni pé bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á ní kí n jó ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ náà, á jókòó nílé ìdáná, á máa fi ṣíbí lu tábìlì. "Rárá! O tún ń sáré! Ta ló ń lé ọ?" Gbogbo Sípáníìṣì tó dá mi lójú, inú èébú rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ó ń se ẹ̀wà fún mi, ó ń lọ aṣọ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ìyá, ẹ má jẹ́ kí n fi pamọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n padà sílé, ó ní kí n sin òun lọ síbi ijó àwọn àgbà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Àwọn arúgbó á múra, wọ́n á wá jó títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Bernadette bá wa lọ. Mo rò pé a lọ wòran ni. Mi ò rí i pé Dónyà Joanna ti kun ètè, mi ò sì rí i pé bàtà ijó ló wọ̀. Irọ́ ni, mo rí i. Mi ò béèrè ni.

Òfin kan wà nínú ijó yìí, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kọ́ wa: bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ sí ọ, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ àgbà, wàá bá a jó orin kan ṣoṣo yẹn. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ ní gbangba, wọ́n ti dójú tì í nìyẹn. Mo mọ òfin yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọge ni mo ti bá jó lórí rẹ̀, tẹ̀rín tẹ̀rín.

Wọ́n fi orin kan sí i. Dónyà Joanna dìde. Gbogbo tábìlì tó yí wa ká ló yíjú sí i, torí wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé kò tíì jó láti ọdún méjì. Ó dúró níwájú mi, ó na ọwọ́.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń di ara wọn mú nínú ijó yìí: ọwọ́ ọ̀tún mi á wà lẹ́yìn rẹ̀, àyà á sún mọ́ àyà. Èmi tí mi ò di ìyá tó bí mi mú bẹ́ẹ̀ rí! Mo gbójú sókè, Bernadette ti na fóònù sí wa, ó ń ya fídíò. Kíá, mo ti fojú inú rí fídíò náà nínú Wáàsáàpù ìjọ wa. Mo ti gbọ́ ohùn àwọn ará Aládé: "Ẹ wo Olúlékè, ìyá arúgbó ló lọ fẹ́ lókè òkun nítorí ìwé ìgbélùú!"

Kí ni mo wá ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀. Gbalaja, láàárín ojú ijó, àyà kanlẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe fún àgbà tí mo bá fẹ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀wọ̀ ni. Lójú tiwọn ńkọ́? Ta ló rí irú ẹ̀ rí níbẹ̀? Wọ́n rò pé mò ń fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé arúgbó ní kí n wá jó, mo bá ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tó kú. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó gbórí sókè, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń rẹ́rìn-ín, Dónyà Joanna dúró láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà. Bernadette ló wá fà á lọ jókòó.

Mi ò ṣàlàyé. Ẹ má sọ pé èdè ló dí mi lọ́wọ́ o. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin, mo ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo nílò. Mo lè sọ pé, "Ẹ dárí jì mí, bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìyá nílé wa nìyẹn." Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì tó kù ni pé mò ń tijú kí wọ́n rí mi pẹ̀lú rẹ̀. Èmi tí mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, tó ń lọ aṣọ mi! Oríṣi ìtìjú wo nìyẹn? Títí di òní, bí mo bá rántí, ṣe ni mo máa ń fọwọ́ bojú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó se ẹ̀wà, ó bù fún mi. Nígbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo dúró nílé ìdáná, mò ń retí kó ní kí n jó. Ó ń fọ abọ́ tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò fi ṣíbí lu nǹkan kan mọ́. Bernadette ló gbé mi dé pápákọ̀ òfurufú. Ìgbà tí mò ń gbé àpótí mi sílẹ̀ ló wá ní, "Oṣù kan ni màmá fi ń dá jó nínú yàrá, kó má bàa dójú tì ọ́ níwájú èèyàn." Ó tan ọkọ̀, ó lọ.

Mo dé Aládé, ìjọ wa kọrin pàdé mi. Màmá mi jókòó tì mí. "Ìyá yẹn ńkọ́? Ṣé o bá a jó?" Ó mọ̀ pé opó ni, èmi ni mo sọ fún un lórí fóònù.

Mo ní, "Mo bá a jó, mà." Irọ́ funfun báláú. Mo tún fi kún un pé inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sunkún.

"O káre," Màmá mi wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí pé wàá lọ máa tijú, mo mọ̀ ọ́. Ṣé ìyá ẹni ni èèyàn ń tijú bá jó?"

Ó ní àfi kí òun fẹnu ara òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Mo ní kò sí iná. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dúró tì mí gbọnyin títí mo fi tẹ nọ́ńbà náà. Ojú Dónyà Joanna yọ nínú fóònù. Ó ti rù sí i. Màmá mi tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Sọ fún un pé mo kí i. Sọ pé ó ṣeun tó bá mi tọ́jú ọmọ. Sọ pé o ti sọ fún mi bó o ṣe bá a jó, tí inú ẹ̀ dùn lẹ́yìn ọ̀fọ̀ ọkọ. Sọ pé bí ẹni pé èmi lo bá jó ni."

Mo lè yí i, Màmá mi ò kúkú gbọ́ Sípáníìṣì. Ẹnu mi kọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wí, mo dojú bolẹ̀.

Ojú Dónyà Joanna dúró sójú kan nínú fóònù. Mo rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ti lọ lóòótọ́. Nígbà tó yá ó bi mí jẹ́jẹ́ ní èdè rẹ̀, "Ohun tó o sọ fún un nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó wo Màmá mi, tó ń rẹ́rìn-ín sí i, tó ń retí èsì. Òun náà bá rẹ́rìn-ín sí i. "Sọ fún un pé òótọ́ ni. Sọ fún un pé o jó dáadáa, pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ló bí."

"Kí ló wí? Kí ló wí?" Màmá mi ń fà mí láṣọ.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá mi kúnlẹ̀ níwájú fóònù, ó ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúrà, Dónyà Joanna náà fọwọ́ lé àyà, wọ́n ń wo ara wọn tẹ̀rín tẹ̀rín. Èmi ni mo di fóònù mú láàárín wọn, mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, mi ò sì lè gbójú sókè wo ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì.